Ògiri Tí Ń Rìn, Tí Kò Gbọdọ̀ Lanu

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ìtumọ̀ Kùránì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọkọ àti aya tí ẹ máa ń kà nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ògiri ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá, kí ó lọ wo ojú ewé àwọn ọmọdé. Kí olúwarẹ̀ jọ̀wọ́ ní sùúrù díẹ̀, nítorí pé owó tí gbogbo wa fẹ́ dá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti àṣírí àwọn obìnrin wa, àti etí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kéú.

Àwa Yorùbá tí a wà ní Òkè Ọya mọ bí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ti máa ń rí. Ilẹ̀ wọ́n, owó kì í sì í tó, nítorí náà gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni a máa ń kọ́, a ó sì kó ohun gbogbo sínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn ìyá wa á máa ṣe àsàlátù ní apá kan, àwọn ọmọ kéékèèké á máa ka álífù wọn ní apá kejì, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa ṣe ìpàdé ní ẹ̀yìn. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, wọ́n á so yìgì níbẹ̀, gbogbo ayé á sì fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí ọjọ́ ìsoyìgì àti ìsọmọlórúkọ yìí ni ẹnikẹ́ni kò ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù sí àárín gbọ̀ngàn. A wá ń fi gàgá aṣọ dí i. Gàgá aṣọ ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì ni pé kí ó dí ojú. Kò dí etí rí.

Nínú gbọ̀ngàn tí èmi fúnra mi ń lọ, àwọn tí wọ́n wà lórí oyè ṣáájú ti yọ aṣọ kúrò, wọ́n sì fi pílíwúùdù ṣe ògiri kan lórí férémù igi, wọ́n fi wíìlì sí i nísàlẹ̀ kí ó lè ṣeé tì kúrò. (Kì í ṣe èmi ni mo kàn án o. Òde ni wọ́n ti pe ẹni tí ó ṣe é.) Ó dára lójú, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Ó wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan pé àwọn àgbà obìnrin jókòó ní ẹ̀yìn pílíwúùdù yìí láti parí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan àti ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú yàrá ni, irú èyí tí ó jẹ́ pé ìyá ẹni nìkan ni a lè sọ ọ́ fún. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń to àga ní apá kejì dákẹ́ lójijì. Kí a tó kírun ìṣáì ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti dé ọjà. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yìí kò tún wá sí àárín wa mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn ọ̀dọ́ náà lẹ etí mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ náà ni ó wá bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí.

Nísinsìnyí tí a fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ti gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ògiri kan tí wọ́n ní ó ń rìn, tí wọ́n sì ní kì í jẹ́ kí ìró kọjá. Àwọn kan ní kí a rà á kíákíá. Àwọn kan ní ìnákúnàá ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé tí yóò dá owó mọ ohun tí ó ń rà.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ náà ní iléèwé ìkọ́ṣẹ́-ọwọ́. Láàárín ọdún wọ̀nyí, mo bá wọn to irú ògiri bẹ́ẹ̀ nínú àwọn hótẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn àpérò ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ kí gbọ̀ngàn kan di mẹ́ta ní òwúrọ̀, kí ó sì tún di ẹyọ kan ní alẹ́. N kò tà á, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí ọwọ́ mi gbé ni mo ń sọ.

Ògiri náà kì í ṣe ẹyọ kan. Pátákó ńláńlá ni wọ́n, tí a ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó nípọn tó nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga láti ilẹ̀ dé àjà. Férémù irin wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi pátákó tàbí irin pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì ki ohun kan bí òwú, tí a fi òkúta tí wọ́n yọ́ nínú iná ṣe, sí àárín. Òkè ni ó fi kọ́. Irin gígùn kan wà ní ìbámu pẹ̀lú àjà, wíìlì kéékèèké tí ó wà ní orí pátákó á sì máa yí nínú irin náà. Ẹni tí ó bá ti dé Mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà ti rí àwọn òrùlé róbótó 27 tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n sì ń pa dé, nítorí náà kì yóò yà á lẹ́nu pé ohun tí ó wúwo lè rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí a bá ti fún un ní irin tí ó tọ́.

Òkè tí ó fi kọ́ yìí wúlò fún wa ju bí àwọn olùtajà ti mọ̀ lọ. Ògiri tí ó bá ń rìn lórí irin ilẹ̀ nílò kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú símẹ́ǹtì. Ẹ wo ìyanrìn tí ọyẹ́ ń kó wọlé ní oṣù Jánúárì níhìn-ín; oṣù méjì péré ni kòtò náà yóò fi dí. Ẹ sì rántí pé ilẹ̀ tí a ń sọ yìí, iwájú orí ni àwa ń gbé kalẹ̀ sórí rẹ̀.

Nígbà tí a bá fẹ́ pa á dé, a ó ti àwọn pátákó náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti igun tí wọ́n ń sùn sí. Etí pátákó kìíní á wọ inú etí èkejì. Lẹ́yìn náà ni a ó ki ọwọ́ irin kan, tí ó jọ èyí tí a fi ń yí jáàkì ọkọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, a ó sì yí i. Bí a ti ń yí i, rọ́bà kan á yọ jáde lókè, òmíràn á yọ jáde nísàlẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ mọ́ irin òkè àti ilẹ̀ gírígírí. Pátákó tí ó kẹ́yìn máa ń na ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde bí ìgbà tí ènìyàn bá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, títí tí yóò fi kan ògiri búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá rí olùtajà tí pátákó rẹ̀ kò ní ohun tí ń yọ jáde yìí, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìró ti ń rìn ná. Afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n ni ìró. Nígbà tí ó bá kan ògiri, ó fẹ́ mú ògiri náà gbọ̀n, kí ògiri sì mú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì gbọ̀n. Ohun tí ó wúwo ṣòro láti mì. Ìdí nìyí tí ògiri búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́fà tí a rẹ́ lójú méjèèjì, tí ìwúwo rẹ̀ ju 200 kílò lọ ní mítà kan níbùú lóròó, fi ń dá ọ̀rọ̀ dúró, tí pílíwúùdù tí kò tó 10 kílò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò fi lè dá a dúró. Ògiri tí ń rìn máa ń wúwo tó 25 sí 60 kílò ní mítà kan níbùú lóròó. Kò wúwo tó búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n nítorí pé awọ méjì ni ó ní, tí afẹ́fẹ́ àti òwú òkúta sì wà láàárín wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ.

Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ìró. Ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń tó nǹkan bí 60 bí a bá dúró sí mítà kan sí i. Ìwọ̀n yìí kò rí bí kílò tàbí mítà. Bí ìró bá fi 10 dín, etí wa á gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ti dín sí ìdajì. Bí ó bá fi 20 dín, á dà bí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ ìwúwo awọ ògiri di ìlọ́po méjì, nǹkan bí 6 péré ni ẹ óò jèrè. Ògiri tí ó bá mú 30 kúrò, ẹ óò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ bá ti dákẹ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá mú 40 kúrò, ẹ óò mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ẹ óò sì máa gba ọ̀rọ̀ kan mú níhìn-ín lọ́hùn-ún bí ó bá gbé ohùn sókè. Bí ó bá tó 50, ẹni tí ó ń pariwo nìkan ni ẹ óò gbúròó rẹ̀. Àwọn ògiri tí ń rìn tí wọ́n wà lọ́jà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 35, àwọn tí ó dára jù sì ń kọjá 50 nínú ilé àyẹ̀wò.

Nínú ilé àyẹ̀wò, mo ní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé àyẹ̀wò jẹ́ yàrá méjì tí wọ́n fi kọnkéré tí ó nípọn mọ, tí ó jẹ́ pé ògiri tí wọ́n ń yẹ̀ wò nìkan ni ọ̀nà tí ìró lè gbà kọjá. Gbọ̀ngàn wa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ògiri kan bá gba 50 lọ́hùn-ún, kí inú yín dùn bí ó bá fún yín ní 40 sí 45 níhìn-ín. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ bi olùtajà kì í ṣe iye tí ògiri rẹ̀ gbà nínú ilé àyẹ̀wò. Kí wọ́n bi í pé èló ni yóò jẹ́ nínú gbọ̀ngàn wa lẹ́yìn tí ó bá ti tò ó tán, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí a tó san owó ìkẹyìn.

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ronú nípa ìró, ṣùgbọ́n kò sí ẹnjiníà tí ó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ní ògiri wa fẹ̀ tó mítà 12, kí ó sì ga tó 3.6. Bí àlàfo abẹ́ rẹ̀ bá ga tó 36 mìlímítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ògiri náà, kò sí bí pátákó náà ti lè dára tó tí yóò mú ju 20 dẹ́síbẹ̀lì kúrò. Ẹ dín àlàfo náà kù di 3.6 mìlímítà, tí ó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ẹ kò tíì lè kọjá 30. Àlàfo tí kò tó ìnípọn ìka ọwọ́ yín tí ó kéré jù ti sọ ògiri olówó gegere di ẹgbẹ́ pílíwúùdù. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ máa lọ bí ẹ kò bá rí rọ́bà tí ń yọ jáde. Ìdí nìyí náà tí ògiri onígi tí àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi máa ń fi ìfẹ́ kàn fún mọ́sálásí kì í pẹ́ kí ó tó sú ènìyàn: ní ìgbà òjò, igi á wú, kò ní ṣeé tì; nígbà ọyẹ́, á gbẹ, á sì sún kì, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á wá máa fi imọ́lẹ̀ hàn.

Kápẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn tún jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Rọ́bà ìsàlẹ̀ á jókòó sórí irun kápẹ́ẹ̀tì, ìró á sì máa gba inú irun náà kọjá. Ibi tí ògiri yóò gbà kọjá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ táìlì tàbí símẹ́ǹtì dídán, kí ẹ wá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

Òkè àjà ni ibi tí a ti máa ń pàdánù owó jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa, àjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi bo abẹ́ páànù, ààyè òkè àjà náà sì wà gbalasa láti igun kan dé èkejì. Ẹ fi ògiri tí ó gbọ́n jù lọ ní ayé dúró dé ìsàlẹ̀ àjà, ohùn á gun òkè gba inú àjà, á rìn kọjá lókè ògiri, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí apá kejì. A gbọ́dọ̀ mọ ògiri mìíràn tí kì í rìn sókè àjà, láti orí irin náà dé abẹ́ páànù, kí a sì dí etí rẹ̀ gbogbo. Bí a kò bá ṣe èyí nígbà tí a bá ń kọ́ ilé lọ́wọ́, lẹ́yìn ọ̀la àjà ni a óò máa tú. Fèrèsé náà ńkọ́? Bí fèrèsé méjì bá ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ògiri, èkejì ní apá òsì, ọ̀rọ̀ á bá ti ọ̀kan jáde, á sì bá ti èkejì wọlé. Nínú ooru oṣù Mááṣì, iná kò sí, ta ni yóò ti fèrèsé? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fèrèsé tí ó bá sún mọ́ ògiri jìnnà sí i ní mítà méjì ó kéré tán.

Mo gbọ́ tí arákùnrin kan sọ ní ìpàdé pé kí a kàn ra fóòmù, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pílíwúùdù tí ó wà nílẹ̀, pé òun rí i bẹ́ẹ̀ ní ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kí ó fetí sí ìtàn yìí. Ní ọdún 1895, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan, Fogg, tí kò sí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ń dún nínú rẹ̀ fún ohun tí ó ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ kí ó tó kú. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan, Wallace Sabine, lọ́wọ́. Òru ni ó máa ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìgboro bá ti dákẹ́. Ó máa ń kó tìmùtìmù àga láti ilé eré Sanders tí ó wà nítòsí, á tò wọ́n sínú gbọ̀ngàn náà, á wá wọn bí ìró ti ń pẹ́ tó kí ó tó kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á dá wọn padà. Láti ibẹ̀ ni ó ti rí ìṣirò tí àwọn akọ́lé ṣì ń lò títí dòní, òun náà ni wọ́n sì lò fún Symphony Hall ní Boston tí wọ́n ṣí ní 1900. Tìmùtìmù wọ̀nyí pa ìró tí ń dún kiri nínú gbọ̀ngàn. Wọn kò sọ pé kí ó má jáde. Èyí ni fóòmù mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá fi fóòmù sí pílíwúùdù, yàrá tí ẹ wà nínú rẹ̀ á tutù sí etí, ọ̀rọ̀ á sì dùn ún gbọ́. Aládùúgbò yín náà á sì gbọ́ ọ. Fóòmù lásán tún máa ń gbiná kíákíá, èyí tí kò yẹ ibi tí ọmọdé pọ̀ sí.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ ní ìṣòro yìí. Ní Utrecht, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, káfíńtà kan tí ó di ayàwòrán-ilé, Gerrit Rietveld, kọ́ ilé kan ní 1924 fún opó kan, Truus Schröder, tí ó ní ọmọ mẹ́ta. Òkè ilé náà jẹ́ pálọ̀ kan ṣoṣo ní ọ̀sán. Ní alẹ́, wọ́n á fa àwọn ògiri fúyẹ́fúyẹ́ jáde, á di yàrá. Mo fẹ́ràn ilé náà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ ni wọ́n, bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ara wọn kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

Èyí tí ó jọ tiwa jù ni ti Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ẹ má bínú pé ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ni mo ti mú àpẹẹrẹ wá, ọ̀rọ̀ káfíńtà kò ní ẹ̀sìn. Oníṣòwò kan wà níbẹ̀, Lewis Miller, tí ó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kórè oko, tí ó sì di àna Thomas Edison lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí 1870, ó bá àwọn ayàwòrán-ilé pète iléèwé ọjọ́ Ìsinmi fún ìjọ rẹ̀: gbọ̀ngàn kan ní àárín, àwọn kíláàsì kéékèèké yí i ká bí òṣùpá tí ó dá sí méjì, ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè, pẹ̀lú àwọn ìlẹ̀kùn ńláńlá láàárín wọn. Bí ọ̀gá bá fẹ́ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn; bí ó bá tán, wọ́n á tì í, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ètò yìí tàn ká Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó mú un ṣiṣẹ́, lójú tèmi, kì í ṣe ìlẹ̀kùn. Láti 1872, ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo kíláàsì ń kọ́ ní ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà ni wọ́n ń kọrin, àkókò kan náà ni wọ́n ń dákẹ́. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ọdún márùn-ún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ àti ọmọ ọdún mẹ́wàá ní tirẹ̀, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, yàrá tí ó dá dúró ni wọ́n ń kọ́.

Ẹ̀yin ààfáà tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Ìgbà tí kíláàsì kan bá ń há Kùránì sórí pẹ̀lú ohùn òkè, bí kíláàsì kejì náà bá ń há tiwọn, kò sí ẹni tí yóò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé, kí gbogbo yín jọ ṣàlàyé. Tábìlì àkókò kò ná wa ní ohunkóhun ju bébà kan lọ, kò sì sí ògiri tí ó lè ṣe tó o.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìwúwo tí mo ní ẹ mú lọ́wọ́. Ògiri mítà 12 tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan yẹn, bí a bá pín in sí pátákó mẹ́wàá, tí ó sì jẹ́ 40 kílò ní mítà kan níbùú lóròó, pátákó kọ̀ọ̀kan á wúwo ju 170 kílò lọ. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ á ju 1,700 kílò lọ. Orí òpó ìdábùú òkè ni gbogbo rẹ̀ yóò so rọ̀ sí, kì í ṣe àjà. Nígbà tí ẹ bá sì tì wọ́n kúrò, igun kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀ ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ni gbogbo ẹrù náà yóò kó jọ sí. Ẹni tí yóò ya àwòrán ilé gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó ṣírò irin tí yóò wọ inú kọnkéré. Bí òpó ìdábùú náà bá tẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì péré, pátákó á fi ìdí kan ilẹ̀ ní àárín, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé kí a kọ́ gbọ̀ngàn tán ná, kí a tó wá ronú nípa ògiri.

Ohun kan tún wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ní gbogbo ìpàdé wa. Ògiri tí ó bá dí ìró, ìró gbogbo ni yóò dí, kò mọ̀ òfófó yàtọ̀ sí wáàsí. Àwọn kan ti ń dábàá pé kí a fi ògiri yìí rọ́pò gàgá tí ó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin nígbà wáàsí. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Lónìí, bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì dákẹ́, ohùn ààfáà ṣì ń gba inú aṣọ kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ní ìbéèrè, ohùn tirẹ̀ náà ń dé iwájú. Lọ́jọ́ tí a bá fi pátákó 40 kílò há àárín wọn, tí iná sì lọ, inú ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọn yóò wà, wọn kò sì ní gbọ́ ohun kan. Ọ̀rọ̀ bí gàgá ti yẹ kí ó rí, ti àwọn ààfáà ni, n kò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ti etí, mo lè sọ ọ́: aṣọ ni ó yẹ wáàsí. Ògiri tí ń rìn, ìgbà tí ohun méjì tí kò jọ ara wọn bá ń lọ lọ́wọ́ ni kí a fà á jáde.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́, èyí tí ó lé ọmọbìnrin yẹn kúrò láàárín wa? Èmi kò ní fi í síkàáwọ́ ògiri tí ń rìn rárá, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Rọ́bà á gbó. Ẹnì kan á gbàgbé láti yí ọwọ́ irin. Àwọn ọmọ á fi ẹsẹ̀ gbá ìdí pátákó. Ẹ jẹ́ kí a mọ yàrá kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, mítà mẹ́ta ní mítà mẹ́ta, búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ lójú méjèèjì tí a sì mọ gòkè kan páànù, ìlẹ̀kùn igi tí kò ní ihò nínú pẹ̀lú rọ́bà yí férémù rẹ̀ ká, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Kí a fún àwọn àgbà obìnrin ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ ná owó lé lórí, kódà bí ògiri tí ń rìn yóò bá dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Bí a bá sì ra ògiri náà, kí a yan ènìyàn méjì tí wọn yóò kọ́ bí a ti ń tì í, kí ọwọ́ irin rẹ̀ má sì di ohun tí ọmọ ẹlẹ́ran fi ń ṣeré. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a wo wíìlì rẹ̀, kí a fi aṣọ tútù nu rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ni ní ohunkóhun, tí kò sì nílò ẹnjiníà. Ní òru, ẹ pa iná apá kan gbọ̀ngàn, kí ẹ tan iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa ní apá kejì, kí ẹ wá máa wo ojú ìsopọ̀, abẹ́ àti òkè ògiri láti inú òkùnkùn. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ìró ń gba ibẹ̀. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù yìí lẹ́yìn ìrun ìṣáì, nínú gbọ̀ngàn wa àtijọ́, pílíwúùdù funfun náà sì ṣì wà ní ìdúró níbẹ̀. Mo ti sọ fún alága pé kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ní tọ́ọ̀ṣì kí ó mú un dání, kí àwọn ìyá wa sì jókòó sí apá tí ó ṣókùnkùn.